Ọdẹ́rìndé àti Orúkọ Tó Bọ́ Sínú Ọ̀pá Ike

Ẹ wọlé, ẹ wọlé kí òjò má pa yín. Ẹ fi ṣọ́bìrì yẹn sílẹ̀ níta, kò sẹ́ni tó máa jí i ní ìlú yìí. Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ ti ń gbẹ́lẹ̀ kọjá níwájú ilé mi, tí ẹ ń tẹ́ ọ̀pá ike sínú kòtò, tí ẹ ní ọ̀rọ̀ gbogbo ayé ni yóò máa gba inú rẹ̀ kọjá. Mo gbọ́ tí ọ̀gá yín, Ẹnjiníà Gbádéyan, ń sọ sórí fóònù láàárọ̀ yìí pé orí ọ̀pá kan ń sọ̀rọ̀, orí kejì ń gbọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń gbọ́ kò nítumọ̀. Ẹ̀rín pa mí nínú yàrá. Ẹnjiníà, má bínú, ìwọ kọ́ ni mo ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdẹ kan ti bá irú rẹ̀ pàdé rí, ohun tó ná an kò sì kéré.

Ìyá Ọdẹ ni gbogbo ìlú ń pè mí. Ìbọn mi ló wà lára ògiri yẹn. Mo ti wo ẹfọ̀n lójú títí ó fi gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ti ki ọwọ́ bọ ihò tí òkè fi ń mí, ẹ̀rù kò bà mí rí, n kò tilẹ̀ mọ bó ṣe ń ṣe lára. Ẹ fi ìyẹn sápá kan ná, a óò padà débẹ̀. Ìtàn mi ti dìde lórí ẹní, ó ti ń bọ bàtà, ẹ ṣí etí sílẹ̀ kó rọ́nà wọlé.

Ọdẹ́rìndé ni orúkọ ọdẹ náà, ará ìlú Ìsàlẹ̀-Àparò sì ni. Ó ga, ó dúdú, ohùn rẹ̀ sì pọ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Bó bá ti igbó dé, kò ní í tíì dé ẹ̀yìn ọgbà tí yóò ti ké igbe tirẹ̀: "Èmi rèé, èmi rèé, igbó ti gbọ́!" Àṣà ilé ọdẹ níbẹ̀ ni pé bí ìyàwó bá ti gbọ́ igbe yẹn, ohun yòówù kó wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sọ ọ́ sílẹ̀, yóò jáde lọ gba àpò ẹran. Ìbíyẹmí ìyàwó rẹ̀, òwú ló ń ran, ó sì máa ń fi imú kọ orin kan sí i bó ti ń ran án. Ọdún méjìlá ni wọ́n ti jọ ń gbé. Èèwọ̀ kan sì tún wà tí wọ́n ń pa mọ́ ní ìlú náà: ìyàwó ọdẹ kò gbọdọ̀ fi orin ọdẹ ọkọ rẹ̀ sẹ́nu nígbà tí ọkọ bá wà nígbó, kí ẹran má baà gbọ́ ọ kó mọ ibi tí ọkọ wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí igbe yẹn, ẹ sì rántí èèwọ̀ yẹn.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Ọdẹ́bùnmi, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, tí oòrùn wà láàárín orí gan-an, ó lọ pọn omi. Ohùn kan pè é láti inú igbó. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ilé gbogbo ló ń kìlọ̀ fún ọmọ kó má ṣe jẹ́ ìpè ẹni tí kò rí. Ọdẹ́bùnmi mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn náà dùn ún gbọ́, ó sì jẹ́ ẹ. Bó ti jẹ́ ẹ báyìí, gbogbo orúkọ rẹ̀ bọ́ kúrò lára rẹ̀: orúkọ àbísọ, oríkì, àti orúkọ gbogbo àwọn baba ńlá tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó jókòó létí odò, ó sùn, kò sì jí mọ́. Wọ́n gbé e wálé, ó ń mí, ojú rẹ̀ tutù, ó tilẹ̀ dà bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e sínú oòrùn, òjìji rẹ̀ kúrú. Lọ́jọ́ kejì, ó tún kúrú sí i.

Ìbíyẹmí kò sunkún. Ó mú òwú tó ti ran, ó fi wọn òjìji ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó gé e, ó sì yí i mọ́ ọrùn ọwọ́ ọkọ rẹ̀ nígbà méje.

Ó ní, "Bàbá Ọdẹ́bùnmi, bí òjìji rẹ̀ bá ṣe ń kúrú ni òwú yìí yóò máa kúrú, yóò sì máa fún yín lọ́wọ́. Bó bá tán, ọmọ wa náà tán nìyẹn. Ẹ lọ bá Ìyá Àgbà Àwẹ̀ró. Ẹ ní kí wọ́n fún un ní àwọn orúkọ rẹ̀ padà."

Ẹ̀gbọ́n bàbá Ọdẹ́rìndé ni Àwẹ̀ró. Ó ti pẹ́ tó ti kó lọ sí Ìlú Kò-Gbàgbé, níbi tí àwọn tó mọ oríkì ìran wọn ń lọ gbé bí wọ́n bá dàgbà. Òun nìkan ló kù láyé tó mọ ẹgbẹ̀jọ orúkọ tó wà nínú ìdílé náà, láti orí ẹni tó tẹ ìlú dó títí dé orí ọmọ yìí. Ọdẹ́rìndé gbé ìbọn kọ́ èjìká. Bó ti ń jáde, ó rí i tí Ìbíyẹmí mú àrọ ike, èyí tí wọ́n fi ń rọ epo sínú ìgò, tó sì ń fi í kán omi sí ọmọ náà lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ike ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ wa nígbà náà ni. Àrọ funfun kan báyìí ni, kò wúwo, ọkọ rẹ̀ sì ti máa ń fi ṣẹ̀sín pé ohun tí afẹ́fẹ́ lè gbé lọ kì í ṣe ohun èlò.

Igbó Adáhùn ló kọ́kọ́ wọ̀. Igi ibẹ̀ ń dán, wọn kò ní èèpo, ilẹ̀ ibẹ̀ sì rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀. Ọdẹ́rìndé kò mọ bí a ti ń wọ igbó láìsọ̀rọ̀. Ó gbé ohùn sókè, ó ní òun Ọdẹ́rìndé ni, òun tó pa erin ní Ọ̀nà-Ẹfun, kí ohun tó wà nínú igbó yà fún òun. Igi tó wà níwájú sọ ọ́ padà fún un. Kí ìyẹn tó tán, igi ẹ̀yìn sọ tirẹ̀, tòsì sọ tirẹ̀, ọ̀tún gba ẹnu tòsì. Ọ̀rọ̀ kan náà di ogún, olúkúlùkù ń bọ̀ ní àkókò tirẹ̀, wọ́n ń gun ara wọn lórí, tó fi jẹ́ pé nígbà tó yá, ohun tó ń gbọ́ ni, "Erin pa Ọdẹ́rìndé, yà fún Ẹfun, òun ni òun, òun ni òun." Ó pariwo mọ́ wọn pé kí wọ́n dákẹ́. Ogún igi ní kó dákẹ́.

Kò mọ iye ìgbà tó fi yí ká ibẹ̀. Ó lè jẹ́ òwúrọ̀ kan, ó lè jẹ́ oṣù mẹ́ta. Oòrùn kò kúrò lójú kan, ó kàn ń mì díẹ̀díẹ̀ lórí ewé. Ohun tó jẹ́ kó mọ̀ pé ọjọ́ ń lọ ni òwú ọwọ́ rẹ̀. Ìyípo méje ti di márùn-ún. Ẹ̀rù ọmọ rẹ̀ bà á, ó sì ṣe ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ó pa ẹnu dé. Àwọn igi sọ èyí tó wà lẹ́nu wọn tán, wọn kò rí òmíràn sọ, igbó pa rọ́rọ́. Nígbà náà ló gbọ́ èémí ara rẹ̀, ó tẹ̀ lé e, ó sì bá a jáde. Ká ní èmi ni, ẹ̀yin ọmọ, ǹ bá jókòó ti àwọn igi náà, a ó jọ máa takùrọ̀sọ títí ó fi máa rẹ̀ wọ́n, nítorí kò sí ohun tí igi lè fi ṣe mí. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni mo ń sọ.

Ẹ̀yìn igbó yẹn ni ilé Afúyẹ́ wà. Iwin ni Afúyẹ́, ike sì ni gbogbo ara rẹ̀ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ike tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Ọdẹ́rìndé fi ń rí ìmọ́lẹ̀ kékeré tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú àyà rẹ̀. Ó jókòó láàárín ọ̀pá onírúurú, ó ń kùn yùnmùyùnmù.

Afúyẹ́ ní, "Ọdẹ, kí ló ń sáré ju àgbọ̀nrín lọ, tí kò lẹ́sẹ̀, tí kò sì lè kúrò lójú kan bí kò bá rí nǹkan gùn?"

Ọdẹ́rìndé dáhùn kíá, "Ọta ìbọn mi ni."

Ìmọ́lẹ̀ àyà Afúyẹ́ mì tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ọ̀rọ̀ ni. Mo mọ ohun tí o ń wá. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà, wọn óò ní láti ka ẹgbẹ̀jọ orúkọ. Ìwọ kò lè gbé e sórí. Bí o bá sì ní kí o gbé ìyá náà pọ̀n lọ sílé, òwú ọwọ́ rẹ yóò ti tán kí o tó dé ìdajì ọ̀nà. Ọ̀pá ni kí o mú. Èwo ni o fẹ́?"

Ọdẹ́rìndé na ọwọ́ sí ọ̀pá bàbà tó ń dán. Afúyẹ́ ní bàbà dára fún ọ̀rọ̀ tí kò yá, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti yá, bàbà a máa mu ún lójú ọ̀nà, a máa fi gbóná lásán. Ọdẹ́rìndé na ọwọ́ sí ọ̀pá dígí. Afúyẹ́ ní èyí kò ní ẹlẹgbẹ́, àmọ́ bí ẹnu rẹ̀ méjèèjì bá fi ìwọ̀n ìrun kan yẹ̀ síra, kò ní í gbọ́, ọdẹ tó sì ń fò kiri yóò ṣẹ́ ẹ kó tó dé ibi tó ń lọ. Ó wá ká ọ̀pá ike kan, ihò wà nínú rẹ̀, ó ń tẹ̀, ó fúyẹ́.

Ọdẹ́rìndé ní, "Ike kẹ̀?"

"Ike ni. Kò sẹ́ni tó ń mú un, ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ ń gba inú rẹ̀ lọ pẹ̀lẹ́, òun náà lè yí igi ká, kò sì bìkítà bí ẹnu rẹ̀ kò bá gún régé. Ẹnu kan yóò máa tẹ̀ lé ọ. Ẹnu kejì yóò dá lọ sílé rẹ, yóò wọ inú àrọ ike tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ọmọ rẹ, nítorí wọ́n jẹ́ ẹbí. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa o. Ọ̀rọ̀ tí o bá kàn fi ẹnu sọ sínú rẹ̀, inú rẹ̀ náà ni yóò kú sí. O ní láti máa kùn sínú rẹ̀ ní dọ́gbadọ́gba, kí ọ̀rọ̀ gun ìró yẹn lọ. Ẹni tó wà lórí kejì gbọ́dọ̀ máa kùn ún bákan náà, kí tirẹ̀ gòkè nígbà tí tìrẹ bá gòkè, kó wálẹ̀ nígbà tí tìrẹ bá wálẹ̀, bí ẹni méjì tó jọ ru pákó kan. Bí ẹsẹ̀ wọn bá yàtọ̀ díẹ̀, ohun tó wà lórí pákó dà nù nìyẹn. Bó bá sì bára mu, ẹgbẹ̀jọ orúkọ á ti kọjá kí o tó ṣẹ́jú."

Ọdẹ́rìndé ní òun ti gbọ́. Ojú ọ̀nà ló ń wò nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ fún un. Ó gbé ìká ike kọ́ apá, ó ń lọ, nígbà tó sì bojú wẹ̀yìn, ó rí ìrù rẹ̀ tó ń fà lọ láàárín igi fúnra rẹ̀, funfun, láìpariwo, tó ń forí lé Ìsàlẹ̀-Àparò. Ó ń wò ó títí ewé fi bò ó, ó sì dùn ún pé òun kọ́ ló ń lọ sílé.

Bó ti dé Ìlú Kò-Gbàgbé ni oorun ń wá sí i lójú, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán ni. Arúgbó ló wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo, olúkúlùkù ń ka orúkọ jẹ́jẹ́, orúkọ òkúta, orúkọ òjò tó rọ̀ lọ́dún kan, orúkọ ajá tó kú ṣáájú kí a tó bí bàbá ẹnikẹ́ni. Wọn kì í kú níbẹ̀ títí ẹnu wọn yóò fi ṣófo. Àwẹ̀ró wà lórí ẹní, kò lè dìde, orúkọ ti wúwo jù fún un. Ọdẹ́rìndé dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Àwẹ̀ró ní, "Dìde, ọmọ àbúrò mi. Mo ti mọ ìdí tí o fi wá. N óò fún ọmọ náà ní gbogbo rẹ̀, ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tí n óò sọ ọ́ kalẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá ti kúrò lẹ́nu mi ti kúrò nìyẹn. N kò lè kà á lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ tìrẹ dán ike rẹ yìí wò."

Ọdẹ́rìndé gbé ẹnu sí ọ̀pá. Orin ọdẹ rẹ̀ ló fi kùn sínú rẹ̀, èyí tó gbajúmọ̀ jù, ó sì gbé ọ̀rọ̀ lé e lórí: "Ìbíyẹmí, gbé àrọ sétí ọmọ." Ó fi etí sí i. Ìdáhùn dé, ohùn ìyàwó rẹ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti rún wómúwómú: "Mọ... ni... yẹ... ta... rọ... ọ..." Ó tún ṣe é. Bákan náà ni. Ó gbé ohùn sókè, ó pariwo títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ. Òwú ọwọ́ rẹ̀ fún un, ìyípo márùn-ún di méjì, ọwọ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tutù.

Ìgbà náà ló rántí èèwọ̀. Orin ọdẹ rẹ̀ ni Ìbíyẹmí ń gbọ́ lẹ́nu àrọ, ọkọ rẹ̀ sì wà nígbó. Ọ̀rọ̀ lásán ló ń fi dá a lóhùn; orin yẹn, kò ní í kùn ún láéláé.

Inú bí i. Ó ní, "Ìyá àgbà, obìnrin yẹn kò gbọ́ràn."

Àwẹ̀ró wò ó. "Ìgbọràn rẹ̀ gan-an ló fẹ́ pa ọmọ yín. Ọdún méjìlá lo fi kọ́ ọ pé kó dákẹ́ bí o bá ń kọrin. Fi tìrẹ sílẹ̀. Bó bá ń ran òwú, kí ni òun fúnra rẹ̀ máa ń kùn?"

Ọdẹ́rìndé ronú kiri. Ó mọ ohùn ẹtu, ó mọ ohùn ìmàdò tó bímọ àti èyí tí kò tíì bímọ. Kò mọ ohun tí ìyàwó rẹ̀ máa ń kùn. Ojú tì í tó bẹ́ẹ̀ tó fi bo ojú mọ́lẹ̀ níwájú arúgbó náà.

Àwẹ̀ró ní, "Jókòó. Padà lọ sí ẹ̀yìn ọgbà rẹ."

Ó di ojú. Ó bá ara rẹ̀ lẹ́yìn ọgbà ilé rẹ̀ ní òwúrọ̀ kan, ìrì wà lórí ewé, àpò ẹran wà léjìká rẹ̀. Ohun kan ń dún nínú ilé. Ó la ẹnu láti ké igbe rẹ̀, ìró náà sì dá. Ó padà sí òwúrọ̀ mìíràn, ọdún mìíràn. Igbe rẹ̀ tún gé e. Òwúrọ̀ púpọ̀ ló lọ báyìí, ó sì rí i pé ìparí rẹ̀ nìkan lòun ní, ibi tó ń já, nítorí òun lòun ń já a. Ó wá dúró ní òwúrọ̀ kan tí aṣọ Ìbíyẹmí ń gbẹ lórí ọgbà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀, ó sì tẹ́tí. Ìró náà kò dá. Ó ń yí lọ, ó ń yí bọ̀, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ òwú, kò yára, kò lọ́ra, ó sì jẹ́ jẹ́jẹ́ tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń mí sókè kò lè gbọ́ ọ. Omi bọ́ lójú Ọdẹ́rìndé. Ọdún méjìlá ló ti wà níbẹ̀.

Ó gbé ẹnu sí ọ̀pá ike, kò sọ ọ̀rọ̀ kankan, ó kàn ń kùn ún. Ní orí kejì, Ìbíyẹmí gbọ́ orin ara rẹ̀ tó ń jáde lẹ́nu àrọ. Ó yà á lẹ́nu, nítorí kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ rí. Orin yìí kò sí nínú èèwọ̀, ó sì bá a kùn ún. Ìró méjì pàdé nínú ike, wọn kò bára mu, wọ́n ń gbọ̀n, gbọ̀n-gbọ̀n-gbọ̀n, bí omi inú agbada tí wọ́n ń gbé. Ọdẹ́rìndé dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ìgbọ̀n náà yá sí i, ó mọ̀ pé ibẹ̀ kọ́. Ó sún un sókè ní bíńtín. Ìgbọ̀n náà lọ́ra. Gbọ̀n, ó dúró, gbọ̀n, ó dúró pẹ́. Kò kánjú. Ó ń dúró de obìnrin náà, obìnrin náà ń dúró dè é, títí ìgbọ̀n náà fi gùn bí èémí ẹni tó ń sùn, tó sì wá lọ pátápátá. Ohùn kan ṣoṣo ló kù.

Ó na ọwọ́ sí Àwẹ̀ró láìdákẹ́. Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ sórí ìró náà.

Ẹ̀yin ọmọ, kò sẹ́ni tó lè sọ bó ṣe yá tó. Orúkọ ń jáde lẹ́nu arúgbó náà bí ẹyẹ tí wọ́n ṣí àgò fún, àwọn tó tẹ ìlú dó, àwọn tó gbẹ́ kànga, àwọn ìyá tó bí ìbejì. Bí wọ́n ti ń wọ inú ike ni wọ́n ń jáde sétí ọmọ náà, òjìji rẹ̀ sì ń gùn lórí ilẹ̀ bí ẹní tí wọ́n ń tẹ́. Òwú ọwọ́ Ọdẹ́rìndé dẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ padà sí ìka rẹ̀. Ó gbọ́ tí Ìbíyẹmí gbé ọ̀rọ̀ lé orin náà láti òkèèrè, ketekete, "Ojú rẹ̀ ń mì." Ayọ̀ gbà á lọ́kàn, ó sì gbàgbé ara rẹ̀. Ó ké e: "Èmi rèé!" Èémí kan péré ni. Ó rántí, ó padà sí ìró náà, ó bá a níbi tó wà, àwọn orúkọ yòókù sì kọjá láìsí wàhálà.

Ẹnu Àwẹ̀ró ṣófo. Ara rẹ̀ fúyẹ́, ó dìde jókòó fúnra rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀kan bọ́, nígbà tí o ké. Ó wà nínú ike yẹn níbì kan."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un pè, ìyá àgbà."

"Orúkọ náà ti kúrò lọ́dọ̀ mi. Ohun tí ẹni tó ń jẹ́ ẹ ṣe nìkan ni mo rántí. Ọkùnrin kan ni, ní ayé àtijọ́, tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró kojú ẹkùn. Ẹ̀rù bà á, ó sá. Ó sáré wọ ìlú, ó ní kí wọ́n kó ọmọdé wọlé. Òun ló jẹ́ ká kù sáyé."

Nígbà tí Ọdẹ́rìndé délé, kò ké. Ó dúró lẹ́yìn ọgbà títí Ìbíyẹmí fi kùn ún tán, ó sì rọra wọlé. Ọdẹ́bùnmi ń ṣeré nínú oòrùn, òjìji rẹ̀ gùn, kò sí ohun tó ṣe é. Ìbíyẹmí gba àpò lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ kú ewu, Bàbá Ọdẹ́bùnmi. Ọmọ wa ti jí. Ṣùgbọ́n láàárọ̀, mo bá a tó di ejò mú lọ́rùn, tó ń wo inú ẹnu rẹ̀."

Ọdẹ́rìndé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà títí ó fi kú, ojoojúmọ́ ló máa ń gbé àrọ yẹn sétí lọ́sàn-án, tí yóò máa kùn orin ìyàwó rẹ̀ sínú rẹ̀, tí yóò sì máa dúró de orúkọ tó bọ́ yẹn. Kò tún ké igbe ọdẹ mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ohùn rẹ̀ ti bàjẹ́.

Ẹnjiníà ń wò mí. Ó ti mọ̀. Àrọ náà ló wà lábẹ́ ìbọn mi yẹn, ó ti pọ́n, epo ti mu ún. Ọdẹ́bùnmi ni orúkọ mi.

Mo ń yangàn fún yín láti ìgbà tí ẹ ti wọlé, mo sì ti yangàn fún gbogbo ìlú yìí láti kékeré. Wọ́n ní mo láyà. Ọkọ mi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí èmi àti rẹ̀ jọ dúró níwájú ẹfọ̀n kan. Ó wo ojú mi, ó rí i pé ojú mi kò yí padà, ó sì rò pé kò séwu. Ká ní ẹ̀rù bà mí, ǹ bá sọ fún un pé kó sá. Mo wò ó títí ẹfọ̀n náà fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, n kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ nǹkan kan. Ohun tí èémí kan mú lọ lára mi nìyẹn.

Òjò ti dá. Ẹ lọ síbi iṣẹ́ yín. Ẹnjiníà, sọ fún àwọn tó wà lórí kejì pé kí wọ́n má tíì wá ọ̀rọ̀. Kí orí tibí máa kùn lásán, kí tọ̀hún tẹ́tí sí i kó bá a mu dáadáa, títí kò fi ní í sí ìgbọ̀n kankan láàárín wọn. Ìgbà náà ni kí ẹ tó kó ọ̀rọ̀ lé e. Ike gbogbo jẹ́ ẹbí; bí ọ̀pá yín bá ti ń ṣiṣẹ́, tí ọ̀rọ̀ gbogbo ayé ń gbà á kọjá, tí ẹ bá rí orúkọ ọkùnrin kan nínú rẹ̀ tí kò lẹ́ni, tó ń rìn lọ tó ń rìn bọ̀, ẹ má gbọ̀n ọ́n dànù. Ẹ wá kan ilẹ̀kùn mi, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ẹ má ké, ẹ rọra kàn án, n óò gbọ́. Mo ti di arúgbó, mo sì fẹ́ kí ẹ̀rù bà mí lẹ́ẹ̀kan kí n tó kú.